Fóònù Aṣẹ́po Kò Tó Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á

 Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù. Èyí tó ń ṣẹ́ po sí méjì bí ìwé ni mo ní lọ́kàn, èyí tí àwa ọmọ iléèwé ń pè ní flip. Lọ́dún yìí, kò sí ibi tí mo yà sí láàárín Arámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n tí n kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi. Àwọn tí kò fọwọ́ kàn án rí ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ní in ti dé ibi gíga. Èrò tèmi ni pé fóònù náà kò tó iye tí wọ́n ń tà á, pàápàá fún ẹni tó ń gbé apá ibí yìí, àti pé òbí tó bá rà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ owó rere nù. N ó sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Galaxy Z Flip7 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ilé-iṣẹ́ Samsung gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2025, torí orúkọ rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù láàárín wa. Bí ẹ bá ṣí i, ojú rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 6.9, bíi ti fóònù ńlá yòókù. Bí ẹ bá pa á dé, ó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì láì yọrí síta. Ojú kejì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó tó ínǹṣì 4.1, èèyàn sì lè fi mọ ẹni tó ń pè, kó fi ka àtẹ̀jíṣẹ́, kó tún fi ya ara rẹ̀ ní fọ́tò láì ṣí fóònù rárá. Ẹ lè ṣẹ́ ẹ dé ìdajì, kí ẹ gbé e ka orí tábìlì, kó dá dúró kó máa ya fídíò láìsí ẹni tó ń dì í mú. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ọgbọ́n ńlá ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì ní bu ọlọ́gbọ́n kù.

Ìbéèrè mi ni pé, iye tí owó rẹ̀ fi ju ti fóònù mìíràn lọ, kí ló ń fi í ṣe fún wa níbí?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Flip7 jáde, iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 1,100. Bí a bá ka dọ́là kan sí náírà 1,500, ó di náírà 1,650,000, láì tíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wọlé àti èrè ẹni tó ń tà á. Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ni náírà 70,000. Ẹ fi èyí pín tọ̀hún. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù 23 kó tó lè ra fóònù kan ṣoṣo. Láàárín oṣù 23 náà, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, kò gbọdọ̀ ra oògùn, kò sì gbọdọ̀ san owó iléèwé ọmọ. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ọmọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú wa tó ń bínú sí òbí rẹ̀ pé wọn kò ra flip fún òun.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé ohun tó dára ni owó rẹ̀ máa ń wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́n yẹ kó lágbára ju ohun tó pọ́ọ́kú lọ, ibẹ̀ gan-an ni fóònù yìí ti kùnà. Gbogbo wa mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà àdúgbò ní Ìjerò àti Arámọ̀kọ ló jẹ́ ilẹ̀ pupa. Bí ọyẹ́ bá dé, òkè Ẹ̀fọ̀n gan-an máa ń fara sin; à á nu tábìlì láàárọ̀, à á tún nu ún lọ́sàn-án. Àmì tí wọ́n fi ń sọ bí Flip7 ṣe lè kojú omi àti eruku ni IP48. Nọ́ńbà kejì, ìyẹn 8, jẹ́ ti omi, ó sì dára: fóònù náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan ààbọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má bàjẹ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, ìyẹn 4, jẹ́ ti ohun líle. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó bá tóbi tó mìlímítà kan sókè kò lè wọlé. Ṣé eruku ọyẹ́ tóbi tó mìlímítà kan ni? Èlùbọ́ tí a kù pàápàá kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn fóònù olówó ńlá tí kì í ṣẹ́ po sábà máa ń ní 6 níbi tí èyí ti ní 4, ìyẹn ni pé eruku kò lè ráyè wọ inú wọn. Ẹni tó bá ra fóònù aṣẹ́po san owó ńlá, ó sì gba ààbò tó kéré.

Ẹ tún wo ojú rẹ̀ ti inú. Gíláàsì ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó lè tẹ̀, wọ́n wá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Samsung fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi èékánná tàbí ohun mímú tẹ̀ ẹ́, kó má sì ṣí ike náà kúrò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ gbé Galaxy Fold tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọwọ́ wọn jáde, ó kó díẹ̀ fún àwọn oníròyìn láti yẹ̀ wò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti àwọn kan ti bàjẹ́. Àwọn kan ṣí ike náà torí wọ́n rò pé ìbòjú lásán ni. Ti ẹlòmíràn, ohun kékeré ló wọ abẹ́ ojú rẹ̀. Wọ́n ní láti dá títà rẹ̀ dúró títí di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe púpọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ṣe ojú Flip7 ní ẹ̀rọ ti ṣẹ́ irú ojú aṣẹ́po tuntun wọn po ní ìgbà 500,000 kò sì bàjẹ́. Bí èèyàn bá ń ṣí i ní ìgbà 100 lójúmọ́, ìyẹn ju ọdún 13 lọ. Mo gbà pé kì í ṣe ṣíṣẹ́ ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà kò gun ọ̀kadà láti Ìtàwúrẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n nínú ọyẹ́, kò sì ti oko dé pẹ̀lú iyanrìn lọ́wọ́.

Bí ó bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Àbúrò ìyá mi kan ń ránṣọ ní Ìjerò. Ó ra fóònù aṣẹ́po tòkunbọ̀ kan ní Adó, torí wọ́n ní tòkunbọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ìlà dúdú kan fi là á láàárín, níbi tó ti ń ṣẹ́ gan-an. Ó gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìjerò, wọ́n ní àwọn kò tú irú rẹ̀ rí. Ó dé Arámọ̀kọ, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Ní Adó, wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ sí Èkó, pé owó ojú rẹ̀ nìkan yóò ju ìdajì iye tó fi rà á lọ. Títí di òní, ojú ẹ̀yìn nìkan ló fi ń gba ìpè. Ṣùgbọ́n bí fóònù lásán bá fọ́ lọ́wọ́ mi ní Arámọ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n á ti bá mi pààrọ̀ ojú rẹ̀ kí ọjà tó tú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí kò ní ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí ju ìwọ̀n wa lọ.

Ẹ̀yin òbí wa mọ ìtàn yìí jù wá lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí fóònù tó ń ṣí tó ń pa dé fi di ohun àmúṣogo. Motorola gbé Razr V3 jáde ní ọdún 2004, wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù 100 lọ káàkiri ayé. Ìyá mi sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ lára irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni wáyà pẹlẹbẹ tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn atúnfóònù-ṣe ń pè ní flex. Bó bá ti já, ojú fóònù á ṣú. Fóònù aṣẹ́po kì í ṣe ohun tuntun tí ojú kò rí rí. Ohun tó tuntun nínú rẹ̀ jù lọ ni iye owó rẹ̀.

Bátìrì ńkọ́? Ti Flip7 jẹ́ 4,300 mAh. Ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n, tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ gbogbo níbí, ló ní 5,000 mAh. Ní ìlú tí iná ti lè lọ kó má dé fún ọjọ́ méjì, èwo nínú méjèèjì ló wúlò fún ọmọ tó fẹ́ ka ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ lóru?

Àwọn kan máa ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ní fóònù rárá. N kò sí lẹ́yìn wọn. Fóònù lè jẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè, ó lè jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ó sì lè jẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tó ń béèrè pé kí fóònù ṣẹ́ sí méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èkó, ti ṣèlérí pé bí mo bá yege nínú WAEC, àwọn yóò ra flip fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí: Bàbá Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹ bá mi ra fóònù lásán tó lágbára, kí ẹ fi ìyókù owó náà pamọ́ de ìgbà tí yunifásítì bá gbà mí. Wọn kì í gba fóònù dípò owó iléèwé. Bí mo bá gbé flip dé ẹnu géètì tí n kò rí owó san, ilé ni n ó gbé e padà sí.

Wọ́n á ní iyì ńkọ́? Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Èkìtì tí wọ́n ń pè ní Orísun Ìmọ̀, kì í ṣe ohun tí àwọn bàbá wa rà ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta kòkó, wọ́n fi owó rẹ̀ rán ọmọ níwèé. Ní Ẹ̀fọ̀n, Àgbọ̀nbíòfẹ́ gbẹ́ òpó ààfin Aláayè. Ó ti kú láti ọdún 1945, àwọn èèyàn ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Iyì ẹni tó ṣe nǹkan máa ń pẹ́ ju iyì ẹni tó ra nǹkan lọ. Nínú ilẹ̀ Ìjerò ni wọ́n ti ń wa tíìnì àti tantalite. Irú tíìnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ nínú fóònù, inú tantalite sì ni tantalum ti ń jáde, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ohun tíńtìntín tó ń tọ́jú iná sínú ẹ̀rọ. Àpò la fi ń kó irú erùpẹ̀ yìí jáde, inú páálí dídán ni a ti ń rà á padà. Bí a bá fẹ́ fi fóònù ṣe iyì, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń tú u, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà míràn tí ẹnikẹ́ni bá pa fóònù dé pàó lójú yín tí ọkàn yín sì fà sí i, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe tí èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò lè ṣe? Ṣé eruku kò lè wọ̀ ọ́? Ta ni yóò tún un ṣe ní Arámọ̀kọ? Oṣù mélòó ni òbí ẹni yóò fi ṣiṣẹ́ san owó rẹ̀? Bí kò bá rí èsì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kí i kú oríire, kí ẹ sì máa bá ìwé yín lọ.