Iṣẹ́ Àtilé-ṣe: Ta Ló Ń San Owó Iná?

Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtilé-ṣe bí ẹni pé ọdún náà gan-an ni wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogójì ọdún ṣáájú kòrónà, ní 1973, tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jack Nilles, ti sọ ọ́ lórúkọ, tí ó sì dábàá pé kí wáyà tẹlifóònù máa gbé iṣẹ́ wá bá òṣìṣẹ́ dípò kí òṣìṣẹ́ máa há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ lọ bá iṣẹ́. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ìgbàgbọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn, pé bí kò bá ti sí ọ́fíìsì mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹnikẹ́ni àfi lójú kọ̀ǹpútà, ojúsàájú yóò kú fúnra rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìgbàgbọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó fo ìbéèrè kan tí kò ṣeé fò: nígbà tí ọ́fíìsì kó wọ yàrá òṣìṣẹ́, ta ni owó ọ́fíìsì já lé lórí?

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun máa ń dì pọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni onírúurú, ìyẹn ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ má ṣe jẹ́ irú kan náà ní ẹ̀yà, ní akọ tàbí abo, ní ọjọ́ orí tàbí ní ìlera ara. Èkejì ni àkómọ́ra, tí í ṣe pé kí ẹni tí wọ́n gbà wọlé lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó má jẹ́ pé inú àwòrán lásán ló wà. Ẹ̀kẹta, òun ló sì nira jù, ni ìdọ́gba ẹ̀tọ́, èyí tó yàtọ̀ sí kí wọ́n pín nǹkan ní iye kan náà, nítorí pé bí ìyá bá bu oúnjẹ kan náà fún ọmọ ọdún méjì àti fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ọgbọọgba ni ó pín in lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan yóò jẹ ṣẹ́kù, ebi yóò sì máa pa èkejì.

Ibi tí òótọ́ ti wà nínú ìgbàgbọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 19.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́ ní 2019; ó di 22.5 ní 2023, iṣẹ́ àtilé-ṣe sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń tọ́ka sí pé ó fà á. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fò wọ dáńfó ní Ọ̀ṣòdì, tí kọ́ńdọ́ ń pariwo pé kí oníkálukú wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀, kò ní béèrè ìdí tí iṣẹ́ tí kò la dáńfó lọ fi jẹ́ ìtura fún ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ rìn. Ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sapá kí ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Òfin náà wà, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tí wọn kò lè gùn náà ṣì wà.

Ṣùgbọ́n orúkọ a máa ṣáájú ojú dé. Àwọn onímọ̀ méjì, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan, fi ìwé ìwáṣẹ́ bí 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago, tí wọ́n sì fi orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ funfun sórí àwọn kan, orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ dúdú sórí àwọn yòókù. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 ni pé níbi tí wọ́n ti pe aláwọ̀ dúdú méjì, wọ́n pe aláwọ̀ funfun mẹ́ta. Kò sí ẹni tó rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohùn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ojúsàájú: ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford yẹ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá márùn-ún tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ wò, wọ́n sì rí i pé nínú ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ ṣi nǹkan bí 35 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú, tí ó sì ṣi 19 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ funfun. Ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn o. Fọ́ọ̀mù tó sì kọ̀ láti gba àmì abẹ́ Ọ àti Ṣ, tí Ọ̀ṣúnníyì fi di Osunniyi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ohun kékeré nìyẹn lójú ẹni tí kì í jẹ́ orúkọ náà.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwádìí kan láti Ṣáínà sì fi hàn pé ojú náà ni ìgbéga wà. Olùwádìí Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò Ctrip ní Shanghai ṣètò pé kí díẹ̀ lára àwọn tó ń dá tẹlifóònù oníbàárà lóhùn máa ṣiṣẹ́ nílé fún oṣù mẹ́sàn-án, kí àwọn yòókù máa wá sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ àwọn ará ilé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn sì dín kù sí ìdajì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ wé iṣẹ́, ẹni tó wà nílé kò rí ìgbéga tó ẹni tí ọ̀gá ń rí lójoojúmọ́.

Ìnira yìí nípọn jù fún òṣìṣẹ́ tó jókòó sí Ìbàdàn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco. Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù lọ́hùn-ún, aago mọ́kànlá alẹ́ ni ní Ìbàdàn, nígbà òtútù tí wọ́n bá sì dá aago wọn padà, ó di méjìlá òru gééré. Ìpàdé ọ̀sán ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, tí ó ń rọra sọ̀rọ̀ kí ó má baà jí wọn. Láàárín ìpàdé, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kú, ó sáré so kọ̀ǹpútà mọ́ dátà fóònù, nígbà tí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi tún yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ dá sí. Ó pa kámẹ́rà nítorí pé àwòrán ń jẹ dátà ju ohùn lọ, ẹnì kan sì gbà pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí ₦225 fún ẹyọ kan, lórí ìlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹni tí kò sí ní Band A ń da epo sí jẹnẹrétọ̀, epo tí owó rẹ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 2023. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun sì já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni Mark Zuckerberg sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Facebook pé ẹni tó bá kó lọ sí ìlú tí nǹkan ti dínwó láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ yóò bá ti ìlú náà mu, òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣe irú ìṣirò yìí. Àwọn tó gbè é a máa ní ìka kò dọ́gba. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìka, kí ó ka márààrún. Agbanisíṣẹ́ tó mọ̀ pé owó ilé Ìbàdàn kéré sí ti San Francisco, tí ó sì ti yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù, yẹ kó mọ̀ pẹ̀lú pé òṣìṣẹ́ San Francisco kì í ra jẹnẹrétọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, kì í sì í ra dátà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì nítorí bí ọ̀kan bá kọṣẹ́. Ìṣirò tó bá ń yọ, tí kì í fi kún, èrè ilé-iṣẹ́ ló ń wá.

Owó nìkan kọ́ o. Ẹni tí wọ́n tọ́ láti má ṣe já lu ọ̀rọ̀ àgbà, tí ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti pe ọ̀gá tó tó bàbá rẹ̀ ní orúkọ lásán, yóò dúró kí wọ́n fún un láàyè. Lórí Zoom, ààyè kì í yọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló ni ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí GitLab ń gbà, ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì kankan, fi yẹ kí àwọn mìíràn wò: kíkọ ni wọ́n ń kọ ìlànà àti ìpinnu wọn sílẹ̀, tí ẹni tó sùn nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ yóò fi rí i kà, tí yóò sì dá sí i. Ìpàdé tí kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí aago rẹ̀ máa yí, kí ọ̀kan bá ọ̀sán Ìbàdàn mu, kí èyí tó tẹ̀ lé e bá ti San Francisco mu, kí àìsùn náà lè kárí.

Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ àtilé-ṣe, ìkẹtàdínlọ́gọ́sàn-án nínú àwọn àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 1996, tó ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé gba ìtọ́jú kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, títí kan ẹ̀tọ́ aláboyún, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i kò pọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 láti fi bímọ, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán. Òṣìṣẹ́ ni òfin náà wà fún, ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ń tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ òkè òkun kò pè wọ́n ní òṣìṣẹ́. Alágbàṣe ni ó pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń ta ọjà, tí kò ní ìsinmi, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n sì lè fi lẹ́tà ìlà méjì dá dúró. Alágbàṣe yìí kan náà ni wọ́n ń yan aago fún, tí ó ń tọrọ àyè kó tó lọ rí dókítà, tí àwòrán rẹ̀ sì wà láàárín àwọn onírúurú ènìyàn tí ilé-iṣẹ́ náà tò sí ojú ìwé rẹ̀ lórí ayélujára. Bí ó bá bímọ, àwòrán náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Owó oṣù ni kò ní wọlé.