Hóró Pupa Nínú Àgbàdo Funfun

Nígbà tí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bá bó háhá àgbàdo funfun rẹ̀, tí ó sì rí hóró mélòó kan tí ó pupa bí pupa ẹyin láàárín àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta irúgbìn fún un ní ọjà Iléṣà tàbí ní Òṣogbo ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Yóò ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di ariwo, orúkọ rere olùtajà lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Ìdájọ́ ìkánjú ni. Oko aládùúgbò ni ó yẹ kí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Orí igi àgbàdo ni ìtànná akọ wà. Irun tí ó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni ti abo, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní hóró tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ìtànná akọ kiri, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ààlà oko. Nítorí náà, ọmọ ìyá kan ni gbogbo hóró ara ṣùkù kan, ṣùgbọ́n bàbá wọn lè pọ̀. Òdìkejì ilé olórogún ni èyí! Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ ni ìtànná rẹ̀ sábà máa ń gbà.

Gregor Mendel, àlùfáà kan ní ìlú Brno, ni ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí àwọ̀ ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ nínú irúgbìn. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1866, ṣùgbọ́n ayé kò kà á sí títí di 1900. Nínú àgbàdo, pupa a máa bo funfun mọ́lẹ̀. Hóró tí ó gba pupa lọ́dọ̀ òbí kan àti funfun lọ́dọ̀ èkejì yóò pupa; bí a bá gbìn ín, tí ó sì gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, nǹkan bí 3 nínú hóró 4 ni yóò pupa, 1 yóò sì funfun.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ìyà jẹ jù. Olóko funfun rí àbùkù rẹ̀ lójúkan náà. Ó lè ṣa hóró pupa kúrò kí ó sì gbin funfun, nítorí hóró funfun kò fi pupa pamọ́ sínú. Ṣùgbọ́n olóko pupa, tí lẹ́búlẹ́bú funfun ti wọ oko tirẹ̀ náà, kò rí ohun kan. Ó ń fi ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí di ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe pé olùtajà irúgbìn kò lè ṣẹ̀. Bí irúgbìn tí ó tà bá ti dàpọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó rí ṣùkù tí ìdajì rẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀ pupa, ní ibi gbogbo nínú oko. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, hóró pupa díẹ̀díẹ̀ ni yóò wà lára ṣùkù púpọ̀, wọn yóò sì pọ̀ jù ní ẹ̀bá ààlà.

Àwọn tí ń pèsè irúgbìn fún títà a máa fi nǹkan bí 200 mítà sí àárín oko méjì. Èyí ṣòro níbi tí oko kéékèèké ti fara kan ara wọn. Ó sàn kí àwọn aládùúgbò fi ẹnu kò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: yálà kí gbogbo wọn gbin àwọ̀ kan, tàbí kí ẹnì kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ẹnìkejì, kí ìtànná wọn má baà pàdé. Bí àgbẹ̀ bá sì ń mú irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀, àárín oko ni kí ó ti mú un.