Àgbà Ọdẹ Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá lè máa kùn pé ètè yín là, pé eruku gba ilé kan. Ṣùgbọ́n ní apá Òkè-Ògùn tiwa, ẹni tí ó bá ní ìbọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kì í kùn ní àsìkò yìí. Iná ti jó igbó, koríko tútù ti ń yọrí láàárín eérú, àgbọ̀nrín sì ti ń jáde wá jẹ ẹ́. Nígbà òjò, ẹran lè dúró nítòsí rẹ kí o má rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbó a ṣí sílẹ̀ bí àgbàlá.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ mi, àti ìyá wọn pàápàá, ti bẹ̀ mí títí pé kí n gbé ìbọn kọ́. Wọ́n ní, "Baba, ẹran wo lẹ tún ń wá? Ṣé kò sí ẹran lọ́jà ni?" Ọ̀rọ̀ wọn kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ẹran nìkan ni ọdẹ ń wá lọ sínú igbó, olúwarẹ̀ kò ṣọdẹ rí. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi sọ lónìí ni pé ọdẹ ṣì dùn fún arúgbó, bóyá ó tilẹ̀ dùn ju ti ìgbà èwe lọ, bí a bá lè gbà pé àwọn nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo lè tọ ipasẹ̀ ẹran láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Nísinsìnyí, orúnkún mi ni ó ń pàṣẹ. Mo máa ń gun orí igi lúgọ tẹ́lẹ̀ rí. Òòyì ti lé mi kúrò níbẹ̀. Nítorí náà mo mú ìjókòó. Bí a bá ti kí ìrun Àsùbáà tán, èmi àti ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan yóò jáde, òun ni ó ń gbé àpótí mi. N óò bu eruku díẹ̀ sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó má ṣe gbé òórùn wa lọ bá ẹran. Lẹ́yìn náà n óò fẹ̀yìn ti igi àyín kan, ó di kí a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: nígbà tí mo ń sáré lé àgbọ̀nrín, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rí ojú rẹ̀. Mo rí ìlà funfun àti àmì tóótòòtó tí ó wà lára rẹ̀. Mo rí i pé òun nìkan ni ó sábà máa ń rìn, akọ nìkan ni ó sì ń hu ìwo. Abo a máa fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú igbó dídí, a lọ jẹun, a sì padà wá fún un lọ́mú. Nítorí èyí, èmi kì í yìnbọn sí èyí tí kò ní ìwo, nítorí n kò mọ ẹni tí ó ń retí rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, a gbó bí ajá. Mo ti rí ọ̀dọ́ ọdẹ tí ó dúró ń wá ajá kiri, tí ẹran rẹ̀ sì ti lọ.

Ojú ni ó bọ́ lọ́wọ́ mi ṣìkejì, n kò sì tètè gbà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta sẹ́yìn, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo rí ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ó tẹ̀ ba lẹ́yìn igbó. Ó gbé orí sókè, ó tún tẹ orí ba, bí ẹran tí ń jẹko. Mo gbé ìbọn, mo fi ìka lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, "Bísímílláhì." Kí n tó wí i tán, ohun náà húkọ́. Ìyàwó ilé kejì wa ni, ó wá ṣẹ́ igi ìdáná, ó ró ìró pupa.

N kò sọ fún un. N kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, Baba, ẹ kú ọdẹ," èmi a sì máa wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ìrọ̀lẹ́ àti òru sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Òwúrọ̀ ni tèmi, nígbà tí oòrùn bá ti là dáadáa, bí n kò bá sì rí orí, ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹran, ìka mi kò gbọdọ̀ dé ibi tí a ń fà.

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ mi kan tí ó wà ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ó fi fìlà kan ránṣẹ́ sí mi, ó pọ́n bí ọsàn. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń fi ìbọn dẹ àgbọ̀nrín tiwọn lóṣù Nọ̀fẹ́ńbà, láti 1980 ni òfin sì ti pa á láṣẹ pé kí ọdẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn kí ẹnìkejì lè rí i. (Láti 2016 wọ́n tún gba àwọ̀ pupa títàn kan mọ́ ọn.) Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò dé iná sórí lọ bá ẹran? Àṣé ojú irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í mọ àwọ̀ ọsàn yàtọ̀ sí ti ewé bí ojú ènìyàn ti ń mọ̀ ọ́n. Mo ń dé e báyìí, mo sì ra aṣọ irú rẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa Mùsùlùmí. Bí a bá pe orúkọ Ọlọ́run kí a tó yìn, tí a sì bá ẹran láàyè, ọ̀bẹ ni ó kù. Arúgbó kò lè sá tẹ̀lé ẹran tí a ṣá lọ́gbẹ́. Bí ó bá sá lọ kú síbi tí a kò mọ̀, ìdin ni a pa á fún. Nítorí náà, èyí tí kò bá súnmọ́ mi, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. N kì í sì í lọ sí ìhà Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní 1991. Àwọn kan nínú wa ṣì ń yọ́ wọ ibẹ̀ lóru. Èmi kò bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, akọ kan jáde sí wa. Ìwo rẹ̀ gùn, kò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí wa, mo sì rí i láti orí dé ẹsẹ̀. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo fà á. Ìbọn ṣakabùlà mi dún "ṣá" lásán, ẹ̀tù kò gbiná. Àgbọ̀nrín náà wò mí, ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ igbó lọ.

Ọmọ ọmọ mi di ẹnu rẹ̀ mú títí, kò lè mú un mọ́. Ó ní, "Baba àgbà, ó bú yín!" A rẹ́rìn-ín títí a fi délé, a bá ẹ̀wà lórí iná, a sì jẹ ẹ́.