Ìwé owó-orí: ṣé ká kọ ọ́ fúnra wa ni, àbí ká sanwó fún ẹni tí yóò bá wa kọ ọ́?

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ owó-orí. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti kó àìsùn bá ọ̀pọ̀ àgbà, àìsùn kò sì dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Òfin kò gba owó-orí lórí owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ń gbà lóṣooṣù. Owó oúnjẹ àti oògùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti Èkó tàbí ìlú òyìnbó kì í ṣe owó iṣẹ́ tiyín, owó-orí kò sí lórí òun náà. Báńkì kò sì ní yọ owó-orí kìkì nítorí pé owó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sí Ìdáṣẹ̀n, tó ní kí bàbá tí kò ní ju owó ìfẹ̀yìntì lọ san ₦10,000 kí òun lè bá a "ṣètò" owó-orí, kí bàbá fi ra oògùn ìfúnpá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní ilé tó fi háyà, owó háyà yẹn kan òfin.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá tó ń ta aṣọ. Kì í ṣe gbogbo owó tó tà ni wọn yóò wò, èrè tó kù lẹ́yìn owó ọjà, ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ni. Ká ní èrè ọdún kan jẹ́ ₦1,200,000, tó sì ń san ₦150,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin yóò yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà fún un, ìyẹn ₦30,000. Ó ku ₦1,170,000. Kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦370,000 tó kù ni yóò san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí: ₦55,500. Ìṣirò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yín tó ń kọ́ ìṣirò owó ní Rufus Giwa Polytechnic lè bá yín ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí wá ni ká fi ₦40,000 wá akọ̀wé sí?

Àjọ tó ń gbowó-orí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ODIRS, ni ẹ ó mú un lọ bá, ó pẹ́ jù ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, agbowó-orí ló ń wá àgbẹ̀ kiri. Lónìí, àwa la ó lọ bá a. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n sanwó fún ìrànlọ́wọ́: ẹni tó ní ilé háyà mélòó kan pẹ̀lú okòwò, ẹni tí owó ń wọlé fún láti òkè òkun, àti ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí pé ó jẹ owó tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ 30 péré ni ẹni ìkẹyìn yìí ní láti kọ̀wé takò ó, kó má fi jókòó. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí CITN tàbí ICAN lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá gbà. Ẹ kì í gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, àbí?

Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ san fún un. Kí owó-orí fúnra rẹ̀ má gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Ìjọba ni kẹ́ ẹ san án fún, kí rìsíìtì sì jáde ní orúkọ yín. Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Bó bá purọ́ sínú rẹ̀, ìjọba lè mú ẹ̀yin náà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rà sí apá kan, ohun tẹ́ ẹ tà sí apá kejì. Kẹ́ ẹ sì kó àwọn rìsíìtì sínú nílọ́ọ̀nù tí káàdì ọsibítù yín wà, torí mo mọ̀ pé ìyẹn kì í sọnù.