Ohùn Kan Ṣoṣo Ló Gbé Sódì, Ọmọ Rẹ̀ Ló Fi Ṣòfò

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tójú baba kan rí ní ilẹ̀ Íńdíà.

Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà láàárín àwọn òrìṣà tó ń jẹ́ Tvashtri. Ọlọ́wọ́ pípé ni, kò sí ohun tí kò lè rọ. Òun ló rọ ohun ìjà àrá fún Indra, ọba àwọn òrìṣà wọn. Ṣùgbọ́n oore kò ní kí ìkà má ṣèkà. Indra yìí kan náà ló pa Vishvarupa, ọmọ Tvashtri. Inú baba bàjẹ́. Ó ní òun yóò bí òmíràn tí yóò gbẹ̀san.

Ló bá ṣètò ètùtù, ó fún omi ewé mímọ́ tí wọ́n ń pè ní soma. Kò pe Indra, ṣùgbọ́n Indra fi tipátipá wọlé, ó sì mu ún. Ìyókù tó ṣẹ́ kù ni Tvashtri dà sínú iná, ó wá fi ìbínú pariwo pé: “Indra-shatru, dàgbà!” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, “Ìwọ tí yóò pa Indra, dàgbà!” Lóòótọ́, ọmọ kan jáde, Vritra lorúkọ rẹ̀, ó tóbi, ó bani lẹ́rù. Àmọ́ nígbà tí ìjà dé, ta ló kú? Vritra ló kú. Indra ló pa á.

Kí ló fà á? Àṣìpè ni o! Bí ohùn bá gòkè ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, “ẹni tí yóò pa Indra” ló jẹ́. Bó bá gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti di “ẹni tí Indra yóò pa” nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni Tvashtri gbé ohùn sí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣépè fún ọmọ ara rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìtàn yìí wà nínú Veda, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù. Títí di òní, òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mantra, ìyẹn àdúrà tí wọ́n ń fi èdè Sanskrit ké. Ọmọ Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ lórí èyí. Ẹni tó fẹ́ ra igbá, tó dé ọjà tó ní “igba” lòun fẹ́, kí ló fẹ́ kí ìyá onígbá kà fún òun? Obìnrin tó ní ọkọ òun dé, tí ohùn rẹ̀ yẹ̀, ó lè di ọkọ̀, ó lè di ọkọ́.

Sanskrit ayé Veda ní ohùn tirẹ̀ náà: ohùn òkè, ohùn ilẹ̀, àti èyí tó ń ti òkè yọ́ bọ̀ wálẹ̀. Nínú ìwé Rigveda, wọ́n máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí sórí rẹ̀ kí ẹnu má baà ṣì, bí Yorùbá ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ohùn nìkan sì kọ́. “Dina” ni ọjọ́. Bí ẹ bá fa ti àkọ́kọ́ gùn, “diina,” ó ti di tálákà. “Svajana” ni ẹbí ẹni, ṣùgbọ́n “shvajana” ni ìran ajá. “Sakrit” ni ẹ̀ẹ̀kan, “shakrit” sì ni ìgbẹ́! Òwe àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí baba ti ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó kọ́ gírámà, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n máa ń fi “s” àti “ṣ” ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí baba yẹn ń sọ kò ní ṣòro fún un láti mọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣọ́ ẹnu? Láti kékeré ni. Ọmọdé á jókòó síwájú olùkọ́, olùkọ́ á ké e, ọmọ á tún un ké léraléra títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ní ìpínlẹ̀ Kerala, olùkọ́ á di orí ọmọ mú, á máa gbé e sókè, á máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ohùn ṣe ń lọ. Bó bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á ní kó máa lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni ń hun òfì: ìkíní, ìkejì, ìkejì, ìkíní, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹta, ìkejì, ìkíní, kó tún wá bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní dé ìkẹta. Bí fọ́nrán kan bá já, kíá ni yóò hàn. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹnu gbé orin 1,028 tó wà nínú Rigveda láti ìran dé ìran fún ohun tó lé ní 3,000 ọdún. Lọ́dún 2008, àjọ UNESCO kọ kíké Veda sínú ìwé ogún àjogúnbá gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni Ifá wọ inú ìwé ọ̀hún.

Ibi tọ́ràn ti wá le nìyí o. Bí àṣìpè kan bá lè pa ọmọ, kí ni kí ẹni tí kò rí olùkọ́ ṣe? Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ọkùnrin ìdílé Brahmin ni wọ́n fi Veda sí lọ́wọ́. Obìnrin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n pè ní ẹni ilẹ̀, tí oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣé Ọlọ́run kò ní gbọ́ tiwọn ni?

Àwọn èèyàn náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Kabir, ahunṣọ ni. Ravidas, oníṣẹ́ awọ ni. Namdev, télọ̀ ni. Èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà ni wọ́n fi kọrin sí Ọlọ́run, àwọn Híńdù ṣì ń kọ orin wọn dòní. Wọ́n sì máa ń pa ìtàn ọlọ́ṣà kan tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wúwo débi pé ẹnu rẹ̀ kò lè pe orúkọ òrìṣà Rama. Àwọn àgbà wá ní, “Ó dáa, máa pe ‘mara.’” Òkú nìyẹn túmọ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀: mara, mara, mara, mara. Ẹ̀yin náà ẹ sáré pè é lẹ́nu yín wò. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti di Rama! Ó jókòó síbẹ̀ títí ikán fi mọ ilé bò ó. Valmiki lórúkọ tó padà jẹ́, òun ni wọ́n sọ pé ó kọ ìwé Ramayana.

Èwo wá ni ká mú o? Méjèèjì ni. Mantra Veda dà bí iṣẹ́ ọwọ́, ó fẹ́ ọ̀gá. Orúkọ Ọlọ́run dà bí omi odò, ẹnikẹ́ni ló lè bù ú. Ẹni tí kò rí olùkọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí olùkọ́ wà nítòsí rẹ̀, tó ní Ọlọ́run sáà mọ ọkàn òun, ẹ wò ó dáadáa, ọ̀lẹ ni. Ọlọ́ṣà yẹn kò ṣọ̀lẹ, ikán ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní ìlú Pune lónìí, àwọn obìnrin tí wọ́n lé sẹ́yìn nígbà kan ti ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, wọ́n ń fi Sanskrit so ìgbéyàwó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé bébà. Lẹ́tà òyìnbó lásán kò lè fi “t” tí ahọ́n ń fi kan eyín hàn yàtọ̀ sí èyí tí ahọ́n ń ká kan àjà ẹnu. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní pípe ọ̀rọ̀ ka ẹni tó ń wojú ìwé ké e mọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ké, àti ẹni tó ń kánjú, àti ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń wí. Etí ni kó kọ́kọ́ lò, kí ẹnu tó tẹ̀ lé e.

Ìwé ọ̀hún tún ní kéèyàn fi ẹnu mú ọ̀rọ̀ bí ìyá ẹkùn ṣe ń fi eyín gbé ọmọ rẹ̀. Bó bá mú un le jù, yóò bu ọmọ jẹ. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ọmọ yóò já bọ́. Ká ní Tvashtri fi ẹnu gbé tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ ì bá yè.