Ẹ Yéé Fi Oníkẹ̀kẹ́ Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin ará ilé ní Manigri, ẹ̀yin ará Bassila, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé mì mọ́.

Nígbà tí mo ti Èkó dé lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, àlàáfíà kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ní, "Àwọn kan ní orí kẹ̀kẹ́ làwọn ti rí ẹ ní Ìkòyí. Ṣé nǹkan ti wá le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé eegun. Nínú agbo ilé yẹn kan náà ni kẹ̀kẹ́ bàbá wa ṣì fara ti ògiri, èyí tí wọ́n fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko, òun náà ni wọ́n fi ń gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yẹn lọ sílé ìwé. Ìgbà wo ni kẹ̀kẹ́ wá di nǹkan ìtìjú?

N ó sọ èrò mi ní gbangba. Ìlú tó wà lórí ọ̀sà, bí Èkó, bí Kútọnu, kò sí ohun tó dára láti fi rìn ín bíi kẹ̀kẹ́ oníná tó ṣeé ká. Ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì wo bí àwọn ìlú náà ṣe rí dáadáa.

Ẹ wo Èkó. Afárá mẹ́ta péré ló so Erékùṣù Èkó mọ́ ìhà Ìdó, Èbúté Mẹ́ta àti Yàbá: Carter tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1901, Eko Bridge, àti Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Àìmọye èèyàn ló ń fún ara wọn pọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láràárọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi yẹn, orí afárá níbẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò máa jó epo. Kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi, kò lè gba àdúgbò tóóró kọjá, tó bá sì dé ibi tó ń lọ, owó ni yóò san kó tó ríbi dúró.

Kẹ̀kẹ́ tèmi, àlòkù ni mo rà á. Táyà rẹ̀ kéré, bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, èèyàn ṣì ń fẹsẹ̀ wa á bíi kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, iná kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo ká a bí ẹni ká ẹní, mo tì í sábẹ́ bọ́ọ̀sì ní Bassila. Ó bá mi dé Kútọnu, ó bá mi kọjá Sẹ̀mẹ̀, ó bá mi dé Ìkòròdú lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Àwọn ará ilé tí mo dé sí máa ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ kí wọ́n tó lè bá àsìkò iṣẹ́ ní Mọrínà. Èmi sùn di aago mẹ́fà. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí èbúté, mo ká a, mo wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì bíi ti gbogbo èrò, ọkọ̀ gba orí ọ̀sà kọjá, mo sì tún tẹ́ kẹ̀kẹ́ mi nílẹ̀ ní ìhà kejì. Oòrùn ò tíì mú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ sí Èkó ṣáájú ìgbà yẹn, ojú fèrèsé dáńfó nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí mo dé Ìga Ìdúngànràn, mo dé Pópó Àgùdà níbi tí àwọn tó padà wá láti Brazil tẹ̀dó sí, mo dúró síwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tó bá ti rí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, tí iwájú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn mọ́ṣáláṣí méjèèjì bára tan. Èmi tí mo dàgbà sí Manigri, mi ò mọ̀ pé ìtàn kan náà ló so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ àárín Èkó títí mo fi gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀. (Ní Ìdúmọ̀tà, kí n má parọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tì í. Èrò ibẹ̀ kò mọ kẹ̀kẹ́, kò mọ ọba.) Láti ibẹ̀ mo gba Ọbáléńdé bọ́ sí Ìkòyí, mo sì gun afárá tó so Ìkòyí mọ́ Lẹ́kí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2013. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń sáré ìdárayá pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó lọ rò fún ẹ̀gbọ́n mi ti rí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù. Nígbà tí mo ń padà, ní èbúté kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀gá kan ní kí n san owó èèyàn méjì torí pé ẹrù ni kẹ̀kẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ká a, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni màá gbé e sí." Àpò obìnrin kan tó wà níwájú mi tóbi jù ú lọ, kò sì san nǹkan kan lé e. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù iná bátìrì ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbà fún un, torí ewu gidi ni. Kò béèrè bátìrì rárá. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì pinnu irú ẹni tí mo jẹ́. Mo san án.

Ìwà ọ̀gá yìí àti ẹ̀rín ilé wa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìjọba náà wà nínú ẹbí wọn. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà wà nínú wọn. Mi ò ta ko ìyẹn, ọ̀kadà ti pa èèyàn, ó ti gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rin kìlómítà mẹ́ta láti èbúté dé ibi iṣẹ́? Láti 2018 ni wọ́n ti ní ìwé ìlànà lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ìwé wà, ẹ bá mi wá ojú ọ̀nà rẹ̀ lórí Third Mainland. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ikú. Kútọnu sàn díẹ̀, torí àwọn ọ̀nà ńlá kan níbẹ̀ ní apá ọ̀tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àwọn Fọ̀n pàápàá sì ń pe oní-zémíjàn ní kẹ̀kẹ́nọ̀. Síbẹ̀, ọmọ tiwa tó bá débẹ̀, alùpùpù ló máa kọ́kọ́ jẹ gbèsè rà.

Ẹ máa sọ pé iná kò dúró. Tí iná bá lọ, ẹsẹ̀ mi kò lọ. Bátìrì mi, láti òfo títí tó fi kún, kò jẹ tó ìdajì kílówáàtì-wákàtí kan. Ní iye tí SBEE ń gbà, ìyẹn kò tó 100 sẹ́fà, ó sì ń gbé mi tó nǹkan bí 40 kìlómítà tí mo bá ń fẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ wá fi wé kpayo. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, gbogbo wa ní Bassila la mọ ohun tí ìgò kan ń tà. Ẹ máa sọ pé kẹ̀kẹ́ náà wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, tuntun rẹ̀ lè gba owó alùpùpù, ìdí nìyẹn tí mo fi ra àlòkù, kò sì sí ẹni tó ń fi alùpùpù rín yín.

Ti iná bátìrì, mi ò ní fi ṣeré. Ní London, láti 31 oṣù kẹta 2025, wọn kò gba kẹ̀kẹ́ oníná láyè mọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ torí iná tó sọ níbùdókọ̀ kan, àfi èyí tó ṣeé ká. Ẹ gbọ́ dáadáa, àfi èyí tó ṣeé ká. Èmi kì í fi tèmi sí iná tí mo bá ń sùn, mi ò sì jẹ́ kí ẹlẹ́rọ àdúgbò tú bátìrì rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Manigri àti Bassila ní Èkó àti Kútọnu, ẹ̀yin la mọ̀ tó ń rí àwọn aláṣẹ. Ẹ bá wa béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri èbúté kọ̀ọ̀kan, iye tí oníkẹ̀kẹ́ yóò san àti ibi tí yóò gbé e sí nínú ọkọ̀. Ìyẹn kò gba afárá tuntun, kò gba bílíọ̀nù, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbà.

Lẹ́yìn ìkórè kájú, mò ń padà lọ, èbúté yẹn náà ni màá sì tún gbà. Tí ọ̀gá yẹn bá tún ní ẹrù ni, màá ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí.