"Ta Ló Ni Ọmọ?" Kì Í Ṣe Ìbéèrè Kóòtù

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí: "Ta ló ni ọmọ?" Bí tọkọtaya bá pínyà ní Amukoko, ìbéèrè yìí ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu àwọn ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bàbá ń wa tírélà ní èbúté Àpápá, ìyá ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Boundary. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún 8, wà lọ́dọ̀ ìyá. Bàbá dé, ó ní, "Èmi ni mo ni ọmọ mi, orúkọ mi ló ń jẹ́." Ìyá fèsì pé, "Èmi tí mo lóyún rẹ̀ ńkọ́?" Níní ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tí yóò mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí tírélà bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tí kóòtù ń bèèrè gan-an nìyẹn. Kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹni tó gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀ sábà máa ń lọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni ti ẹni tó gbéyàwó ní ríjísírì. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 àti Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Àwọn kan á ní àṣà ló fi ọmọ fún bàbá. Ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ní àṣà náà kò ní dúró níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára.

Nítorí náà, adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí ọmọ, ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti ìwà àwọn òbí. Bí ọmọ bá ti gbọ́n tó, a lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú; ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Owó nìkan kọ́ ló ń dá ẹjọ́ náà. Kóòtù lè fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá, kí ó sì pàṣẹ pé kí bàbá máa san owó oúnjẹ àti owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì máa wá wo ọmọ rẹ̀.

Ibí yìí ni èdè ti ń ṣe wá ní jàǹbá. A máa ń sọ pé, "Kóòtù ti gba ọmọ fún ìyá." Bàbá gbọ́ "gba", ó rò pé wọ́n ti já ọmọ gbà lọ́wọ́ òun, ó sì káwọ́ kúrò nínú owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnìkan lè sọ pé aláìbìkítà bàbá kò nílò ọ̀rọ̀ kankan kó tó sá fún ojúṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi àwáwí sí i lẹ́nu? Ibùgbé ọmọ yàtọ̀ sí ojúṣe òbí. Èmi ì bá fẹ́ kí ògbufọ̀ kóòtù sọ pé: "Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa gbé, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ máa tọ́ ọ."

Ìjà kò sì gbọ́dọ̀ dé kóòtù dandan. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibùdó ìlàjà fún aráàlú, ó sì ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a.

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: "bí" àti "wò" ni òwe náà lò. Kò lo "ni".